Ta Ló Mú Wa Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè? Ìtàn Kabba, Ìlú Àgbẹ̀

  Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ olóòtú ìwé yìí ló ní dandan, kí n kọ nǹkan nípa ìtàn Kabba, ìlú tó tọ́ wa dàgbà. Mo ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ó ní kí n ṣáà mú èyí tí ojú ìwé bá gbà. Òpìtàn kọ́ ni mí o, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìṣirò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti kíláàsì kejì, n kò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè.

Ọdún 1963 ni. Tíṣà ìtàn wa kọ ọ́ sójú pátákó pé ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1897, Sir George Goldie àti àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dá Kabba nídè kúrò lọ́wọ́ Tápà. A dà á kọ, a fi rúlà fàlà sí i nídìí. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Ẹtì, mo kà á fún ìyá bàbá mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n etí wọn kò di, ẹnu wọn kò sì rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní òyìnbó kan ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí a gòkè, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi sọ̀ kalẹ̀. Òyìnbó kankan kò pọ̀n mí. Iṣu ló mú wa sọ̀ kalẹ̀. Orí àpáta kò gba ebè."

Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ sọ ọ́ ní kíláàsì, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí pàṣán ayé ìgbà yẹn kò ní bá mi wí. Òun ni mo wá fẹ́ sọ báyìí, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé.

Fún àwọn tó wá kàwé lọ́dọ̀ wa láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́. Owé ni àwọn ará Kabba. Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Okun, nítorí bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó tàjò dé, okun. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, okun. Orúkọ yẹn kò tíì pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn onímọ̀ ló fi kó wa sójú kan nínú ìwé wọn, àwa náà sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá bàbá wa, ìlú ẹni àti agbo ilé ẹni ni wọ́n mọ̀. A kò ní ọba kan ṣoṣo tó jẹ lé gbogbo wa lórí, a kò sì ní ìlú ràgàjì bíi Ọ̀yọ́. Ní Kabba fúnra rẹ̀, ìran mẹ́ta ló para pọ̀ di ìlú, Kabba, Katu àti Odolu. Àwọn mẹ́ta náà ni wọ́n sì ń wò lójú, Ọbaro, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Oyè jíjẹ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ìpele sí ìpele, Igemo, Orota, Ololu, ẹni tó bá sì fẹ́ gòkè láti ọ̀kan sí èkejì gbọ́dọ̀ bọ́ ìlú. Ẹni tí kò ní iṣu lábà kò lè dá a láṣà. Ẹ ò rí i pé oko ni ìdí gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ wa sì gbà fún oko. Kabba wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ohun tó ń hù nínú igbó ń hù, ohun tó ń hù ní ọ̀dàn ń hù: iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, òwú, ọ̀pẹ. Láàárín oko ni àwọn òkè olókùúta wọ̀nyẹn dúró sí, tí orí wọn pá bí orí àgbàlagbà. A máa ń fi wọ́n ṣeré ní ọmọdé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ilé ni wọ́n ti jẹ́ rí.

Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ ogun Tápà, ìyẹn Nupe, ti ń wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n fi Bídà ṣe olú-ìlú ní 1857, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú wa, ajẹ́lẹ̀ ń gba ìsákọ́lẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tí owó ẹyọ kò tó mọ́, ènìyàn ni. Kí n má parọ́ o, kì í ṣe Tápà nìkan ló jẹ̀bi. Bí ìlú kò bá rí tirẹ̀ san, a yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí oko ìlú kejì lọ jí ọmọ ọlọ́mọ gbé láti fi dí i. Àwọn ìjòyè kan nínú wa náà mọ ọwọ́ tí wọ́n ní nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í fẹ́ sọ ìtàn náà tán, wọ́n á dé ibì kan, wọ́n á ní kí o lọ bu omi wá.

Àwọn tí wọ́n kó lọ kò pa run. Àwọn kan dé Bídà, wọ́n ń hun aṣọ fún àwọn ọlọ́lá ibẹ̀. Konu ni Tápà ń pe ìran wọn. Àwọn mìíràn bá ọjà dé etí òkun, ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú omi, ó sì kó wọn sọ̀ sí Freetown. Níbẹ̀ ni míṣọ́nnárì kan ará Jámánì, Sigismund Koelle, ti jókòó tì wọ́n, tó ń bi wọ́n ní orúkọ nǹkan ní èdè wọn: orí, ojú, omi, iná. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1854, Polyglotta Africana, ní Yagba nínú, ó ní Dsumu, ìyẹn Ìjùmú, ó ní Eki, ìyẹn Bùnú, ó sì ní Oworo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ní yàrá ìkàwé yunifásítì, mo dìde dúró. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti rò pé àwọn kò ní fẹnu kan èdè ilé mọ́.

Àwọn tó kù nílé gòkè. Ẹṣin kì í gun àpáta, ẹṣin sì ni agbára Tápà. Màmá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé lókè. Inú ihò àti abẹ́ òkúta tó fẹ́yìn ti ara wọn ni wọ́n fi ṣe ilé. Omi ni ìṣòro: àwọn obìnrin máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì fi ewé sínú ìkòkò kí ó má baà máa dún. Oko ṣì wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin méjì á jókòó lórí àpáta, wọ́n á máa ṣọ́nà, àwọn yòókù á máa kọ ebè. Bí àwọn tó ń ṣọ́nà bá súfèé, gbogbo ènìyàn á ju ọkọ́ sílẹ̀. Ọdún tí ìfé bá pọ̀, iṣu a kéré. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni mo ń sọ báyìí, kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ má rò pé sísá nìkan ni wọ́n ń sá o. Ní Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, láàárín ọdún 1890 sí 1897, àwọn ènìyàn ti ń fìjà pẹ́ẹ́ta pẹ̀lú Tápà. Ìlú tó tì wọ́n lẹ́yìn pọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Àkókó. Orí òkè ni wọ́n fi ṣe odi. Ẹni tó bá ti dé Ògìdì tó rí àwọn òkè náà á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ẹṣin wọ̀. Ìṣọ̀kan yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n ti kọ sójú pátákó fún wa, kó tó kan Goldie.

Wàyí o, Goldie. Mo ti ka ohun tí àwọn òyìnbó tó bá a rìn kọ, kí n sì sọ òdodo, kò rí bí a ṣe dà á kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìn-ín-ní 1897, ó kúrò ní Lọ́kọ́ja pẹ̀lú ọmọ ogun bíi 500, òyìnbó bíi 30, àti àwọn aláàárù tó pọ̀ jù wọ́n lọ, tí wọ́n ru ìbọn Maxim. Bídà ló ń lọ. Ó yà sí Kabba nítorí pé ọ̀gá ogun Tápà tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Makun, Muhammadu, ti pàgọ́ ogun síbẹ̀, Goldie kò sì fẹ́ kí ogun náà yí padà bá òun lẹ́yìn. Kó tó dé, Makun ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Wọn kò yin ìbọn kan ní Kabba. Goldie pe àwọn àgbà jọ, ó ní wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ Bídà láti òní lọ, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà ni wọ́n jà ní Bídà, ìbọn ńlá ló sì borí.

Ó dára, ó ràn wá lọ́wọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1901, Lugard fi ẹnì kan jẹ Etsu ní Bídà. Ta ni? Muhammadu Makun kan náà tó pàgọ́ ogun sí Kabba. Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn, jàre. Kì í ṣe nítorí wa ni wọ́n ṣe wá.

Màmá ní àwọn ará ilé wọn kò gbà gbọ́ fún bí ọdún méjì. Ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò tó sùn fún ọjọ́ díẹ̀, tó sì lọ, kó wá kó ọmọ sọ̀ kalẹ̀? Àwọn géńdé ló kọ́kọ́ sọ̀. Wọ́n kọ ebè sí ibi tó jìnnà sí ìdí òkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kò sí nǹkan. Lọ́dún kejì, ìyàwó wọn bá wọn sùn síbẹ̀. Ìgbà tí iṣu ọdún yẹn fi jáde, tó tóbi bí itan, àwọn ìyá àgbà tó ní àwọn kò ní sọ̀ náà dì ẹrù. Bí ìlú ṣe padà wálẹ̀ nìyẹn, ilé kan lónìí, ilé kan lọ́la. Nígbà tí èèyàn bá rò ó dáadáa, ìgboyà tó wà nínú sísùn sóko lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò kéré sí ti ẹni tó gbé ìbọn Maxim.

Ọwọ́ kan kò lè tún ilẹ̀ tó ti di igbó ṣe. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àwa tí a dàgbà lábúlé mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Àáró, oní ló ń dá a padà: mo wá sí oko rẹ lónìí, o wá sí tèmi lọ́tùn-únla, a sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀lẹ kò lè wọ inú rẹ̀, nítorí wọ́n á wọn ebè tó kọ. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ti àpèjẹ. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣe oko àna, a pe ìlú, a gún iyán, a pọn ọtí, kò sì sẹ́ni tó ń kà á. Bàbá mi máa ń sọ pé àáró ló ń lani, ọ̀wẹ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn ní ènìyàn. Mo rí ọ̀wẹ̀ ìkẹyìn tí mo rí nígbà tí wọ́n mọ kíláàsì méjì tó wà lẹ́yìn dàìnìn-ìn wa. Ẹ rántí? Àwọn ọkùnrin ń po ẹrẹ̀, àwọn obìnrin ń rù omi, àwa ọmọ ilé-ìwé ń ju bíríkì fún ara wa. Ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò sí kọ́bọ̀ ìjọba nínú ilé náà, òun ló sì ṣì dúró. Èyí tí kọngilá kọ́ lẹ́yìn náà ti ya.

Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé àwọn obìnrin. Òwú tó wá láti oko, ọwọ́ wọn ló ń di aṣọ, lórí òfì tó dúró ti ògiri, kì í ṣe òfì ọkùnrin tó gùn lọ sílẹ̀. Aṣọ Bùnú ló gbajúmọ̀ jù. Funfun wà, wọ́n ń fi í gbé ìyàwó, wọ́n sì ń fi í ṣètọ́jú aláìsàn. Pupa wà, èyí tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, tí wọ́n ń fi sin àwọn ẹni ńlá. Òwú pupa rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé wọ́n máa ń ra búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ilé ìwòsàn, wọ́n á tú u lówùú lówùú, wọ́n á sì tún un hun. Ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, gbé ní Bùnú láti kọ́ nípa aṣọ wọ̀nyẹn, ìwé tó kọ jáde ní 1995. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó wà nínú àpótí ìyá wa títí ìwé yẹn fi jáde. Èmi ti kà á, ojú tì mí. Ìyá mi ní ọ̀kan; nígbà tí wọ́n kú, a fún ẹnì kan tó ní òun ń ra aṣọ àtijọ́, owó tó fún wa kò tó ra àgbò.

Ti ìjọba òyìnbó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, a ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900 ni Lugard ta àsíá ní Lọ́kọ́ja, a sì di ara ilẹ̀ Àríwá. Wọ́n dá Kabba Province sílẹ̀, wọ́n sì fi Ọbaro ṣe olórí Native Authority. Àwọn Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú kò fẹ́ràn ìyẹn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Owó orí ló yí ayé àgbẹ̀ padà. Iṣu kò ṣe é san owó orí, shílè ni wọ́n ń béèrè. Àwọn ọmọkùnrin wa bá lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó ní Èkìtì, Oǹdó àti Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n kó irúgbìn bọ̀. Ohun tí òyìnbó fi gba owó lọ́wọ́ wa náà ló mú kòkó àti kọfí wọlé.

Kọfí! Ẹ̀yin ará, ta nínú wa ni kọfí kò san owó ilé-ìwé rẹ̀? Láti Kabba títí dé Ìyámóyè, ó ti di igi tí ilẹ̀ wa fi lórúkọ. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni à ń ká a, lásìkò họlidé Kérésìmesì, ìyẹn ni kò fi sí ìsinmi kankan fún ọmọ àgbẹ̀. Èèrà pupa ń gbé lára igi rẹ̀. Èso tó pọ́n nìkan ni kí o já, bí o bá fi àwọ̀ ewé kún un, bàbá á rí i. Lẹ́yìn náà a ó sá a. Níbo la ń sá a sí? Orí àpáta. Òkè tí ìyá àgbà fi ṣe ilé ni èmi ń fi ẹsẹ̀ tú kọfí lé lórí, tí mo ń kọrin. Àpáta máa ń gbóná di alẹ́, kọfí á sì gbẹ dénú.

Lọ́dún 1965, bàbá mi gbé àpò mẹ́rin lọ fún ẹnì kan tó ń ra èso oko fún ìjọba. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó ka iye rẹ̀. Mo ti fi òṣùwọ̀n ilé-ìwé wa wọn àpò kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, àṣírí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, tíṣà sáyẹ́ǹsì ẹ jọ̀ọ́. Iye tó kà fi bí ìdá mẹ́jọ dín. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Bàbá mi gbá mi létí nítorí pé mo já àgbà nírọ́, wọ́n sì gbé àpò wọn kúrò lórí òṣùwọ̀n náà, wọ́n bá ibòmíràn lọ. Méjèèjì ni wọ́n ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ìṣirò ni n ó ṣe láyé mi.

Ìjọba náà rí i pé àgbẹ̀ ni wá. Ní 1964, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kabba lábẹ́ yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria. Ṣùgbọ́n ní 1986, nígbà ètò SAP, ìjọba àpapọ̀ fọ́n àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra èso oko ká. Kò pẹ́, iye kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, ẹni tó wá rà á lónìí kì í padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ kí igbó bo tiwọn. Kajú ló wá gba ipò rẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀bìrà tí wọ́n ti ń dáko lọ́dọ̀ wa láti ìgbà pípẹ́ ló ń gbin iṣu tó pọ̀ jù tí à ń jẹ báyìí. Àwọn ọmọ wọn náà bá wa jókòó ní kíláàsì, wọ́n sì ń sọ èdè Owé ju àwọn ọmọ wa tí a bí sí Èkó lọ.

Ti ẹ̀kọ́, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e dé. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ìyàgbà, Tommy Titcombe tí SIM rán láti Kánádà dé ní 1908. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ní 1951. Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù wa rántí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ní ilé-ìwé tiwa, gbogbo wa la mú àdá àti ọkọ́ wá sí bọ́ọ̀dìn, ó wà nínú ìwé ìgbaniwọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti kọ́kọ́ bàtà. Ọmọ dókítà mú un wá, ọmọ káńsẹ́lọ̀ mú un wá. Iṣu oko ilé-ìwé ni a jẹ.

Ti ìṣèlú, kí n kàn fẹnu bà á. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn kan nínú wa fẹ́ kí wọ́n dá wa padà sọ́dọ̀ Yorùbá Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1957 sí 1958, wọ́n ní kí a dúró síbi tí a wà. Ní 1967, a di ará Kwara pẹ̀lú Ìlọrin. Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ 1991, a di ará Kogi pẹ̀lú Ẹ̀bìrà àti Ígálà. Ọmọ wa kan láti Mopa, Olóyè Sunday Awoniyi, di alága Arewa Consultative Forum kó tó kú ní 2007. Àwọn kan ní ó tà wá, àwọn kan ní ó gbé wa ga. Iyàn tí ẹ ó jà lálẹ́ ìpàdé nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ohun tó mú mi kọ èyí kì í ṣe àtijọ́ nìkan. Ọ̀nà tó gba Kabba kọjá, tó lọ sí Lọ́kọ́ja, Òkénè, Ìlọrin àti Èkìtì, òun ló jẹ́ kí ọjà wa kún. Ọ̀nà náà ni àwọn ajínigbé ń dá báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì jáde. Àwọn oko tó jìnnà ti di igbó. Ọmọ àbúrò mi tó ń dáko sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn kì í lọ ní ẹyọ ẹyọ mọ́. Àwọn mẹ́jọ ló ń ṣe é bí àáró, oko ẹnì kan lónìí, oko ẹnì kejì lọ́la. Ó ní méjì á jókòó sórí àpáta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mẹ́fà á máa kọ ebè. Mo ní ta ló kọ́ yín. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn.

Mo kọ̀wé sí tíṣà ìtàn wa lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kò tíì gbọ̀n. Mo sọ ohun tí ìyá bàbá mi sọ ní 1963 fún wọn, tí n kò lè sọ nígbà náà. Wọ́n dá mi lóhùn pé bàbá àwọn náà sọ irú rẹ̀ fún àwọn, òkè tiwọn ni ó yàtọ̀. "Ṣùgbọ́n Goldie ni ìdánwò ń béèrè," ni wọ́n kọ, "mo sì fẹ́ kí ẹ yege." Nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n fi kún un pé kí n má bínú pé pàṣán àwọn dẹ́rù bà mí.

Nítorí náà mo ti bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà. Ní àárọ̀ Sátidé ìpàdé wa, kí a tó wọ gbọ̀ngàn, a ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Tíṣà wa yóò jókòó nísàlẹ̀ lábẹ́ igi, kí àwọn tí eékún wọn bá le máa gòkè. Ẹni tó bá mọ orúkọ ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé lókè, kó béèrè lọ́wọ́ àgbà tó kù nílé, kó kọ ọ́ sí bébà, kó mú un wá. Akọ̀wé yóò kó wọn jọ sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ mú omi àti fìlà dání. Aago méje ni a ó gbéra, aago méje gan-an, kì í ṣe aago méje tiwa.